Bí Aleida Ṣe Gun Oníwo ní Plauncas

Láyé ọjọ́un, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣe ní Plauncas, abúlé kan láàárín àwọn òkè gíga, nígbà òtútù: wọ́n ń bọ́ màlúù, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá aládùúgbò jà. Ìjà yẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ìdílé méjì wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò kí ara wọn fún ọdún mọ́kànlélógún nítorí pé ewúrẹ́ ọ̀kan jẹ fìlà èkejì, fìlà ọ̀hún sì ti gbó kí ewúrẹ́ tó kàn án.

Bí ó bá di ìgbà ooru, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Àwọn àlejò á wọ́ wá láti ìlú ńláńlá: àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tí wọ́n fẹ́ gun òkè tí kò ṣẹ̀ wọ́n, àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣí agbòòrùn kiri tí wọ́n sì ń mu wàrà ewúrẹ́ nítorí ikọ́. Yàrá mẹ́ta ni baba Luregn fi bẹ̀rẹ̀. Luregn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta, yàrá méjìlélógún, pẹ̀lú àga ìrọ̀gbọ̀kú tó tò sí ìta níbi tí oòrùn ti ń ràn. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ti ń pọ́n lára òkè, Luregn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé àlejò bí ẹni ń lé adìyẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé, òtútù ń bọ̀. Òtútù wa kì í ṣe ti yín." Á fi aṣọ funfun bo àwọn àga, á ti ilẹ̀kùn, á sì lọ sùn. Ta ni yóò wá wo òjò dídì? Òjò dídì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò. Ohun tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ọdún 1888 ni ọ̀rọ̀ yí padà, obìnrin méjì ló sì yí i.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Barla. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, egungun rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ibà pa Gieri ọkọ rẹ̀, nǹkan méjì ló fi sílẹ̀ fún un, méjèèjì kò sì rọrùn láti darí: Oníwo rẹ̀ àti ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ni Ìyá Mengia, ẹni ọgọ́rin ọdún, tí kì í kúrò lẹ́bàá ààrò, tí ahọ́n rẹ̀ sì lè bó èèpo ọ̀dùnkún láìlo ọ̀bẹ. Oníwo ní tirẹ̀ dà bí ọmọlanke tí kò ní táyà. Igi gígùn méjì ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, níwájú sì ni igi méjèèjì ti tẹ̀ sókè bí ìwo àgbò. Òun ni wọ́n fi ń kó koríko sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà ooru ni wọ́n máa ń gé koríko náà lórí òkè gàgàrà níbi tí màlúù kò lè dé, wọ́n á kó o sínú abà kéékèèké lọ́hùn-ún, ó di oṣù kìíní ọdún, tí òjò dídì bá ti bo gbogbo àpáta, kí wọ́n tó lọ gbé e. Awakọ̀ á jókòó síwájú láàárín ìwo méjì, òkè koríko á wà lẹ́yìn rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi máa darí, ṣéènì tí wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀ igi ni kì í jẹ́ kó sáré jù. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí Barla gbé Oníwo jáde, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tó ń wa tiwọn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Barla, ọwọ́ abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi mú ìwo?" ni Giachen, olórí wọn, bi í.

Barla jókòó sáàárín ìwo méjèèjì, ó sì gbéra. Níbi kọ́nà ilé àdúrà kékeré ló ti ya mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òjò dídì tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tú sókè sì kún irùngbọ̀n Giachen. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn.

Obìnrin kejì ni Aleida. Rotterdam ló ti wá, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ogójì ọdún ló fi ṣe olùkọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó sì wá gba atẹ́gùn ní òtẹ́ẹ̀lì Luregn. Nígbà tó ku ọ̀la kí ó padà sílé, ó fẹ́ fún ewúrẹ́ kan ní búrẹ́dì lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì nínú omi. Wọ́n ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹta, òjò dídì dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà rẹ̀, ó sì ti ọ̀nà orí òkè pa gbọnyin. Ẹnikẹ́ni kò lè wọlé, ẹnikẹ́ni kò lè jáde.

Luregn fi ẹnu ara rẹ̀ bú ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ló gbé Aleida lé orí àga, òun àti ọkùnrin kan gbé e kọjá ìgboro, wọ́n kan ilẹ̀kùn Barla.

"Barla, àbúrò mi àtàtà," ni Luregn bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Nínú gbogbo abúlé yìí, kò sí ilé tó móoru bíi tìrẹ."

"Bọ̀ọ̀dá Luregn, ilé yín ní yàrá méjìlélógún."

"Yàrá méjìlélógún, ààrò kan! Ṣé kí n máa gbé iná láti yàrá kan dé èkejì ni?"

"Oṣù mélòó ni?"

"Oṣù bíi... bíi mẹ́rin."

"Mẹ́rin!"

Kí Barla tó rí nǹkan mìíràn sọ, ohùn kan ti ẹ̀bá ààrò wá. "Gbé e wọlé, jàre," ni Ìyá Mengia wí. "Ó ti sú mi láti máa bá ènìyàn kan ṣoṣo jà."

Bí Aleida ṣe di ará ilé nìyẹn. Èdè Jámánì díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo wọn gbọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, káàdì ni wọ́n sì fi ń parí ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ìyá Mengia ní ìwà kan: ó máa ń fi káàdì pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Gbogbo Plauncas ló mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, Aleida rí i, ó na ọwọ́, ó sì fi ṣíbí igi gbá a lẹ́yìn ọwọ́, pá! bí ẹni ń gbá ọmọ kíláàsì kejì. Barla dúró pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ bálì lọ́wọ́. Ìyá Mengia wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Aleida. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Barla kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé náà ní ìyàwó.

"Èyí ni ènìyàn!" ni ìyá arúgbó náà wí. "Fún un ní wàràkàṣì sí i."

Oṣù kìíní dé, ẹsẹ̀ Aleida ti san, àwọn Oníwo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ojú fèrèsé ló ti kọ́kọ́ rí wọn: koríko tó tó ilé kan, tó ń já bọ̀ láti òkè bí ẹni pé òkè ló ń bí i, tí ènìyàn kan bíńtín sì jókòó níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí síta, ó jókòó níbi tí ọ̀nà òkè parí sí, ó sì ń ka iye ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹrin, ó dúró de Barla lẹ́nu abà.

"Barla, mo fẹ́ gùn ún."

"Ẹ fẹ́ gun kí ni, mà?"

"Oníwo. Láti òkè pátápátá, lórí koríko."

Barla bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì wò ó dáadáa bóyá ibà ń ṣe é. "Mà, ẹsẹ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni. Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti ṣubú. Àtẹ̀gùn méjì péré ló sì ní!"

"Ẹsẹ̀ ló dà mí," ni Aleida dáhùn. "Ìdí mi kò dà mí rí, òun ni màá sì fi jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Luregn kí ọbẹ̀ alẹ́ tó hó. Ó sáré dé láìwọ kóòtù.

"Barla, mo gbọ́ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni."

"Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo ti ní rárá."

"O ṣeun! Ẹ gbọ́, Mà Aleida, bí ẹ bá kú síhìn-ín, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àlejò ìgbà ooru? Kí n ní, ẹ máa bọ̀, atẹ́gùn wa dára, ìyá tó wá gbà á lọ́dún tó kọjá ti wà ní itẹ́ òkú?"

"Ọ̀gbẹ́ni Luregn," ni Aleida wí, "òkè tó ga jù lọ nílùú wa ni afárá. Láti kékeré ni mo ti ń rin orí ilẹ̀ títẹ́. Mo kọ́ ọmọ ẹgbẹ̀rún méjì ní ohun tí òkè jẹ́ nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bọ́ láti orí ọ̀kan kí n tó lọ."

"Ẹ ti gùn ún pẹ̀lú ojú! Ojú náà tó!"

"Luregn, jókòó," ni Ìyá Mengia wí láti ẹ̀bá ààrò. "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o sunkún nítorí àgùntàn kan wò ọ́. O kò tíì yí padà. Ẹni tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, tó sì fẹ́ fò, kí lẹ fẹ́ fi okùn so ó mọ́lẹ̀ fún? Barla, gbé e lọ."

"Ìyá, bí nǹkan bá ṣe é ńkọ́?"

"A jẹ́ pé nǹkan ṣe é. Èmi tí nǹkan kan kò ṣe láti ogún ọdún, wò mí, mò ń fi káàdì ṣeré."

Barla kò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ọjọ́ Àntóníọ̀ Mímọ́ ni ó yàn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo abúlé máa ń kó ẹran wọn wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí Fadá Placi lè wọ́n omi ìbùkún sí wọn lára. Gbogbo ojú á wà lọ́hùn-ún, kò ní sí ẹni tí yóò rí wọn. Wọn á gba ọ̀nà tó lọ sí abà ilé Barla sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, Aleida á dùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi gun òkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Aleida wọ ṣòkòtò Gieri, ó fi okùn dì í níkùn, ó sì dé àkẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀ lé e. Bí ó bá rìn ogún ìṣísẹ̀, á dúró, á ní, "Mo kàn ń wo àyíká ni," á sì mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí wọ́n dókè, oòrùn ń tàn débi pé òjò dídì ń ta wọ́n lójú bí dígí fífọ́. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ. Barla di koríko, ó fi okùn so Aleida mọ́ òkè rẹ̀, ó ta kókó sí i, ó tún okùn náà wò lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bí mo bá ní ẹ tẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí mo bá ní ẹ tẹ̀ sí òsì, ẹ tẹ̀ sí òsì."

"Bí mo bá fẹ́ pariwo ńkọ́?"

"Ìyẹn kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ẹ máa pariwo."

Barla ti gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó fà á sókè, Oníwo sì ṣí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ, ó ń sọ ṣííí bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà, òkè da ojú délẹ̀. Igi ń sáré bọ̀, ó ń sáré kọjá. Atẹ́gùn kó sínú aṣọ Barla, ó fẹ̀ ẹ́ bí àpò ìyẹ̀fun. Lókè orí rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ Aleida, kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí orin, nítorí èdè Rotterdam ni. Inú Barla yọ́. Ọdún kẹfà tó ti ń wa Oníwo nìyí, iṣẹ́ ni ó sì ń ṣe nígbà gbogbo, ojú líle, eyín pípa pọ̀. Kò tíì sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí tó ń yọ̀. Ayọ̀ náà ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ láti inú koríko bí omi gbígbóná, ó dé ọrùn rẹ̀, ó dé ọwọ́ rẹ̀, Barla fúnra rẹ̀ náà sì pariwo.

Ibi kọ́nà ilé àdúrà ni ṣéènì ti já.

Kẹ́ńkẹ́ ló dún, ó sì fò lọ sínú igbó. Ọ̀nà abà wà ní òsì. "Òsì! Òsì!" ni Barla kígbe. Aleida tẹ̀ sí òsì, Barla ti gìgísẹ̀ méjèèjì bọlẹ̀, ṣùgbọ́n Oníwo ti ronú tirẹ̀: ó gba ọ̀tún, ó kọrí sí àárín ìlú, tààrà sí ojú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ yà! Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi!"

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, màlúù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà lórí ìlà pẹ̀lú agogo lọ́rùn, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ nídìí wà níbẹ̀. Fadá Placi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sókè ni ó rí abà kan tó ń bọ̀ wá bá a pẹ̀lú obìnrin arúgbó lórí. Màlúù gbọ́n ju ènìyàn lọ. Wọ́n ti yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn, àwọn tó mú wọn lókùn sì tẹ̀lé wọn gbirigbiri. Fadá fò sínú òkìtì òjò dídì, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fò, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wọ́n omi ìbùkún, ó sì bá Aleida lójú gan-an.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yà. Luregn dúró sí àárín ọ̀nà, ó la ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró! Mo ní kí ẹ dúró!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ yà!"

"Èmi kò yà! Ẹ dú—"

Ìwo òsì gbé e nídìí ṣòkòtò, ìwo ọ̀tún gbà á lábẹ́ apá, Luregn sì gòkè wá bá wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀run. Ó dì mọ́ ìwo méjèèjì bí ọmọ tó dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ojú òun àti ti Barla kan ara wọn, kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

"Barla, dá a dúró!"

"Ṣéènì ti já!"

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Ẹ dì í mú!"

Wọ́n kọjá níwájú òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó aṣọ funfun tó bo àwọn àga ìta lọ, wọ́n fo etí bèbè, wọ́n sì balẹ̀ gbìì sórí adágún ìsàlẹ̀ ìlú tó ti dì. Níbẹ̀ ni Oníwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń pòòyì bí òkòtó, koríko ń fò jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, òkè ń kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì ń kọjá, òkè tún ń kọjá, títí ó fi rọra dúró ní àárín gbùngbùn adágún.

Barla ka ọwọ́ rẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ẹ̀rù ń bà á láti wò.

Aleida ṣì wà nínú okùn rẹ̀. Àkẹtẹ̀ ti lọ, irun funfun rẹ̀ dúró gbọnrangandan, koríko kún ẹnu rẹ̀. Ó tu koríko náà dà nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kéékèèké ni, ó ń kún, ó ń kún, títí tí adágún fi ń dá a padà. Barla náà bẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi dùbúlẹ̀ gbalaja lórí yìnyín.

"Bọ̀ọ̀dá Luregn," ni ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Luregn ṣì di ìwo mú. Ó gbé ojú rẹ̀ pupa sókè, ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ̀, láti bèbè dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé orí òkè. Ó nu imú.

"Barla," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé láti òkè pátápátá lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ibi tí mo ti gùn ún... kò pé rárá, àbí? Èmi kò gùn ún dé ìdajì?"

Nígbà yẹn, gbogbo ìlú ti dé orí adágún. Fadá Placi ló ṣáájú, òjò dídì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ènìyàn tẹ́tí láti gbọ́ ohun tí yóò sọ.

"Barla, kí ló dé tí o kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?"

"Mo wá, Fadá. Ẹ kò rí mi ni? Mo kọjá níwájú yín."

Ẹlẹ́dẹ̀ kan ló kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fadá, ó di ikùn mú, ẹ̀rín sì gba gbogbo Plauncas lórí yìnyín náà, àti àgbà àti ọmọdé.

Ọjọ́ kejì, Luregn gòkè. Ó gùn ún pé. Ọjọ́ kẹta, Fadá gùn ún, ó ní òun fẹ́ wo bóyá ó bá ẹ̀sìn mu. Kò dá a lójú lẹ́ẹ̀kan, ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kí oṣù tó parí, Giachen pe ìpàdé àwọn ọkùnrin sí ilé ìpàdé, ó ní iṣẹ́ ni koríko, kì í ṣe eré, ojú sì ń ti àwọn baba ńlá. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà. Barla wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n Giachen, àwọn baba ńlá yín ló ṣe Oníwo. Ṣé ẹ rò pé wọn kò pariwo bí wọ́n ṣe ń bọ̀? Koríko mi ti délé ṣáájú tiyín. Aleida ń kọ lẹ́tà sílé, lẹ́tà mẹ́tàlélógójì ló wà lórí tábìlì mi. Bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá wá, èmi ni màá wa wọ́n. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ́ ọ, màá kọ́ ọ. Ọkùnrin tó bá fẹ́, èmi náà ni màá kọ́ ọ, bí kò bá fi ọwọ́ abẹ́rẹ́ dì í mú."

Wọ́n wo Giachen. Giachen wo irùngbọ̀n ara rẹ̀. "Ta ló fẹ́ kọ́ èmi ní Oníwo?" ni ó ń ráhùn, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ wá béèrè ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà orí òkè ṣí ní oṣù kẹrin. Aleida lọ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ àti ṣòkòtò Gieri. Gbogbo ìgbà ooru ni Luregn fi mọ ààrò, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn aládùúgbò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi í bóyá ó fẹ́ yan òtẹ́ẹ̀lì náà jẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín, amọ̀ wà ní imú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì, kẹ̀kẹ́ ẹṣin orí òjò dídì mẹ́ta dé pẹ̀lú agogo. Ènìyàn mọ́kànlá sọ̀ kalẹ̀, olùkọ́, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jẹ́ wúńdíá, gbogbo wọn láti ilẹ̀ títẹ́, imú wọn pọ́n, wọ́n sì gbé ojú sókè wo òkè bí ẹni rí ìyá ọkọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Aleida ló ṣáájú wọn, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka.

Barla tò wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń yẹ ìbọ̀wọ́ wọn wò, nígbà tí ìránṣẹ́ dé láti ilé. Ìyá Mengia ní kí wọ́n gbé òun wá. Ó ti wọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó Gieri. Láti ọjọ́ tó ti wà ní ìyàwó tuntun ni kò ti gun òkè náà.

Giachen àti Luregn ló gbé e gòkè lórí àga, wọ́n ń bá ara wọn jà lójú ọ̀nà nípa ẹni tó ń gbé apá tó fúyẹ́. Barla so ó mọ́ koríko pẹ̀lú okùn mẹ́rin.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di okùn mú dáadáa."

"Di kí ni mú? Ọwọ́ mi dí. Mò ń wo ìlú mi. Wa ọkọ̀ rẹ."

Barla gbé gìgísẹ̀ sókè. Àwọn ará ìsàlẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan lára òkè tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Ìyá Mengia: ó ń bú gbogbo igi ojú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú atẹ́gùn, ó ń bú Luregn, ó sì ń kígbe sí Barla pé kó má ṣe rìn bí ìgbín.